Díẹ̀ Péré, Lókè Ètè

Ní Trieste, ìlú etíkun tí afẹ́fẹ́ bora ti ń já ìborùn gbà lọ́rùn èèyàn,
Norma Cossutta gun àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógójì
lọ sí iyàrá dókítà Ornella Zupan.
Ó mú fótò kan dání. Tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti òṣèré:
ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nínú rẹ̀,
ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí fótò ò mú.

"Ẹ má sọ mí di ọmọge," ló kọ́kọ́ wí.
"Mo ti ṣe ọmọge rí, ó sì ti sú mi.
Ẹ ṣáà bá mi gba díẹ̀ padà nínú ohun tí kọfí gbà."

Torí iṣẹ́ kọfí ló fi ọdún méjìlélógójì ṣe létí èbúté:
ṣíbí dé ẹnu, fùrù! a fà á, a tọ́ ọ wò, a tu ú dànù,
igba ife lóòjọ́,
títí ètè fi ká jọ bí ẹnu àpò tí a fi okùn fà,
tí ìlà tín-ín-rín wá tò sókè ètè rẹ̀,
ilà tí olóòlà kankan ò kọ.

Fílà ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà.
Ẹ gbóhùn sókè lórí "fí" o,
kì í ṣe èyí tí ọkùnrin ń gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.
Síbẹ̀, wọ́n fi nǹkan kan jọra:
bó bá ti tóbi ju orí lọ,
òun ni gbogbo ayé ń rí,
wọn ò ní rí ẹni tó dé e mọ́.

Dókítà kò kánjú. Ó ní kó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó súfèé.
Ó ní kó pe orúkọ ìyá tó bí i.
"Pierina," ni Norma wí,
dókítà sì ń wo bí ètè méjèèjì ṣe pàdé lórí orúkọ náà,
bí wọ́n ṣe tú ká.

Obìnrin kan ń kọjá nísàlẹ̀ fèrèsé,
ètè rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ìkóríta.
"Èmi ni mo ṣe ìyẹn," ni dókítà wí. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
"Ó ní kí n fi kún un, mo fi kún un.
Ó tún padà wá, mo tún fi kún un.
Mi ò tíì mọ bí a ti ń sọ pé ó tó, nígbà yẹn."

Ìdajì mìlílítà.
Ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí.
Bíńtín láàárín ètè ìsàlẹ̀,
bíńtín lẹ́bàá imú, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jìn sínú.
Norma di apá àga mú, omi bọ́ lójú kan.
Nígbà tó kan ilà kan báyìí lápá òsì,
"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ló wí.
"Kọfí Harar ló kọ ọ́, lọ́dún tí Dario kú."

Iyọ̀ inú ọbẹ̀, ta ló ń rí i?
Àfi tí kò bá sí. Àfi tó bá pọ̀jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wíwú ti lọ.
Bruna àbúrò rẹ̀ wò ó títí:
"Ó jọ pé o rí oorun sùn lánàá."
Ẹni tó ń ta ẹja béèrè bóyá ó yí gíláàsì ojú padà.
Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.
Ohun tó san owó oṣù ìfẹ̀yìntì kan ààbọ̀ lé lórí gan-an nìyẹn,
kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.
Kí ló wá dé tó fi dúró níwájú dígí ilé ìtajà bàtà,
tó ń wá ẹyọ ẹnì kan,
ẹnì kan ṣoṣo,
tí yóò nàka sí i pé: Norma, kí lo ṣe?

Nílé, ó po kọfí. Ó fà á bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ: fùrù!
Ohùn náà yí díẹ̀. Òun nìkan ló lè gbọ́ ọ.
Àmì ètè pupa wà létí ife,
ó fi díẹ̀ nípọn ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Kò fọ ife yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà.